Ahọ́n Tèmi, Imú Alájì

Ẹ̀wà ló kọ́kọ́ jẹ́ kí n mọ̀ pé imú mi ti kú. Mo jókòó sí pálọ̀ wa ní Baṣọ̀run, mo ń já ẹ̀fọ́, ẹ̀wà wà lórí iná ní kíṣìnnì. Ọkọ mi ti lọ sí ìpàdé àdúgbò. Àfi bí ìyá tó ń gbé ilé tó tẹ̀lé tiwa ṣe já wọlé lójijì, tó fi etí ìró bo imú.

"Ìyá, ṣé kò sí o? Ṣé ilé yín ń jó ni?"

Mo gbójú sókè. Èéfín ti gba ẹnu ọ̀nà kíṣìnnì, ó sì ti ń rọra wọ pálọ̀. Mo rí i. Mi ò gbóòórùn ẹ̀. A jọ sáré wọlé, a gbé ìkòkò kúrò lórí iná, ìdí ẹ̀ ti di èédú. Ìyá yẹn ń wúkọ́, omi ń dà lójú ẹ̀. Èmi dúró ti ìkòkò, mo tẹrí sí i, mò ń fà á símú bí ẹni tó ń wá ohun tó sọnù. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ àfi ooru.

Lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, ibà àti ikọ́ ti dá mi gúnlẹ̀. Tọmọdé tàgbà ló ń wúkọ́ ní Ìbàdàn nígbà náà. Mo lo oògùn, mo sùn, ara mi yá, mo rò pé àìsàn ti lọ. Mi ò mọ̀ pé ó gbé nǹkan mi dání nígbà tó ń lọ.

Àwọn èèyàn ní kí n dúpẹ́ pé ẹ̀mí ò bá a lọ, mo sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n imú ni mo fi jẹun láyé mi. Láàbù ilé-iṣẹ́ tó ń pọn bíà ni mo ti ṣiṣẹ́ títí mo fi fẹ̀yìntì. Lára iṣẹ́ wa ni pé kí a máa tọ́ bíà wò kí wọ́n tó rọ ọ́ sínú ìgò. Àwa tí wọ́n yàn fún un kì í lo lọ́fínńdà, a kì í jẹ àlùbọ́sà láàárọ̀, a kì í sì í bá ara wa sọ̀rọ̀ bí ife bá ti wà lọ́wọ́ wa. Mo mọ òórùn bíà tí oòrùn pa. Mo mọ èyí tó ń ṣe bíi bọ́tà nítorí pé wọn ò ní sùúrù kó pọn tó. Lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìntì, àwọn òtẹ́ẹ̀lì kan lójú ọ̀nà Ring Road ṣì máa ń pè mí pé kí n wá bá àwọn yan wáìnì.

Dókítà ní kí n máa fínmú sí àwọn nǹkan tí òórùn wọn le, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, pé bí imú ṣe máa ń tún iṣẹ́ ẹ̀ kọ́ nìyẹn. Mo to kànáfùrù, èèpo ọsàn, ewé efinrin àti kọfí sínú àwọn ìgò kéékèèké lórí tábìlì ìjẹun. Mo ṣe é, mo ṣe é, ó sú mi. Kéèyàn máa gbé kànáfùrù símú lójoojúmọ́, kó máa rántí bó ṣe máa ń rí, kó má wá mọ̀ bóyá òórùn ẹ̀ ni òun ń gbọ́ àbí ìrántí lásán. Ó tán mi lókun ju kí n ru omi gun òkè lọ.

Oúnjẹ náà di ohun tí mo ń fi ìrántí sè. Ọkọ mi á jẹ ẹ́ tán, á ní, "Ó dùn." Lọ́sàn-án ọjọ́ kan mo gba ojú fèrèsé wo ẹ̀yìn ilé, mo rí i tó gbé àwo sórí itan, ó ń fọwọ́ ṣa irú kúrò lára ẹran, ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ó ń jù ú sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Mo ti da irú tó yẹ kó se ọbẹ̀ ọ̀sẹ̀ kan sínú ìkòkò ọjọ́ kan. Kò mọ̀ pé mo rí òun. Mo kúrò lójú fèrèsé, mo lọ dùbúlẹ̀.

Inú ipò yẹn ni mo wà nígbà tí obìnrin kan pè mí lórí fóònù. Ó kí mi dáadáa, ó ní ọ̀kan nínú àwọn òtẹ́ẹ̀lì Ring Road ló júwe mi fún òun. Ó ní òun ti gbé Japan fún ọdún púpọ̀, òun ti padà wálé, òun sì fẹ́ ṣí ilé oúnjẹ kan ní Bódìjà tí òun á ti máa ta oúnjẹ wọn. Òun fẹ́ máa ta ọtí wọn náà, èyí tí wọ́n ń fi ìrẹsì pọn, tí wọ́n ń pè ní sakè. Ẹnì kan tó ń kó ọjà wọ̀lú ní Èkó ti fi oríṣiríṣi ránṣẹ́ kí òun yàn nínú wọn.

Mo ní, "Ìwọ tó ti gbé ibẹ̀, kí lo tún fẹ́ fi èmi ṣe?"

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Mà, gbogbo wọn ló ń dùn lẹ́nu mi. Bí mo bá ti ṣí ìgò báyìí, ọ̀hún ni mo máa ń bá ara mi. Ẹni tí kò fẹ́ràn wọn ni mo ń wá."

Mo mọ sakè níwọ̀nba. Nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n rán àwa mélòó kan lọ sí Èkó, ọkùnrin ará Japan kan sì kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ní ńṣe ni àwọn ará ọ̀dọ̀ wọn máa ń fá ara ìrẹsì kúrò títí tó fi máa ku inú ẹ̀ tó funfun. Bí wọ́n bá ṣe fá a tó ni ọtí ẹ̀ ṣe máa ń mọ́ lẹ́nu tó. Wọ́n á wá jẹ́ kí nǹkan hu sórí ẹ̀, irú nǹkan tó máa ń hu sórí ẹ̀kọ tó bá pẹ́ nílẹ̀, ṣùgbọ́n tiwọn kì í ṣe ìbàjẹ́, òun ló ń sọ ìrẹsì di ṣúgà. Ìwúkàrà á wá sọ ṣúgà yẹn di ọtí. Mo rántí pé ọkùnrin náà tẹ̀ mọ́ ọn fún wa pé ooru àti ìmọ́lẹ̀ ni ọ̀tá sakè, pé kì í ṣe ọtí tí èèyàn ń gbé kalẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù kó máa wo títì.

Mo sọ òtítọ́ fún obìnrin náà. "Imú mi ò ṣiṣẹ́ mọ́, ọmọ mi. Ahọ́n nìkan ló kù."

Ó wá ní, "Kò sí ẹlòmíì tí mo mọ̀ ní Ìbàdàn, mà."

Ó yẹ kí n ní kó pẹ̀lẹ́, kí n sì gbé fóònù sílẹ̀. Ṣùgbọ́n jíjókòó sílé náà ti rẹ̀ mí. Mo ní kó fún mi láyè.

Nígbà tí mo sọ fún ọkọ mi pé wọ́n fẹ́ kí n wá tọ́ ọtí Japan wò, kò gbọ́ ọ dáadáa. Ó ní, "Ọtí jápa? Ta ló tún ń lọ?" Gbogbo ọmọ wa ló ti lọ. Mo tún un sọ fún un, ó mi orí, ó padà sídìí rédíò ẹ̀.

Ẹni tó wá sí mi lọ́kàn ni Alájì. Òun ni ọ̀gá mi ní láàbù nígbà yẹn, kò tíì di Alájì. Nínú gbogbo ẹni tí mo bá pàdé nídìí iṣẹ́ yìí, mi ò rí ẹni tí imú ẹ̀ mú tó bẹ́ẹ̀. Ó lè gba ife lọ́wọ́ ẹ, kó sọ fún ẹ pé alẹ́ àná ni wọ́n fọ páìpù, wọn ò sì fi omi ṣan án dénú. Lẹ́yìn tó fẹ̀yìntì ló lọ sí Mẹ́kà. Láti ìgbà tó ti dé, ọtí ò kàn án lẹ́nu mọ́, kódà kò fẹ́ kí wọ́n dárúkọ ilé-iṣẹ́ wa lójú àwọn ọmọ-ọmọ ẹ̀. Ilé ẹ̀ ní Challenge ló ń gbé jẹ́jẹ́, ó ń tọ́jú àwọn adìẹ ẹ̀.

Mo pè é. "Alájì, ẹ dákun, imú yín ni mo fẹ́ yá."

Ó rẹ́rìn-ín títí tó fi wúkọ́. Nígbà tí mo ṣàlàyé tán, kò rẹ́rìn-ín mọ́. "Imú nìkan?"

"Imú nìkan, Alájì. Kò ní kàn yín lẹ́nu. Èmi ni màá fi sẹ́nu, màá sì tu ú dànù."

"Jẹ́ kí n rò ó."

Ọjọ́ Jímọ̀ ló pè mí padà, lẹ́yìn ìrun. Ó ní, "Àbúrò, mi ò ní mu ún, mi ò ní tà á, mi ò sì ní gba ohunkóhun lórí ẹ̀. Ìwọ lo pè mí, nítorí tìẹ ni mo ṣe ń bọ̀. Bí ọkàn mi bá kọ̀ ọ́ níbẹ̀, màá dìde."

Mo ní kò burú.

Ilé alájà kan tó ti pẹ́ ni obìnrin náà gbà ní Bódìjà, àwọn káfíńtà ṣì ń kan ṣẹ́ẹ̀fù lọ́wọ́ ní ìsàlẹ̀. Òkè ló tẹ́ tábìlì sí fún wa. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó gé irun ẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì kúnlẹ̀ kí Alájì kó tó kí mi. Alájì wọ jalabíà funfun. Kò fi lọ́fínńdà kankan síra. Ó ní láti àárọ̀ ni òun ti ń bẹ ìyàwó òun, nítorí nígbà tó rí i pé òun ò fi lọ́fínńdà síra, ó bi òun pé ṣé ara òun ò yá ni.

Kí a tó bẹ̀rẹ̀, Alájì ní kí wọ́n pa jẹnẹrétọ̀ tó wà lábẹ́ fèrèsé, pé èéfín epo ẹ̀ ń gòkè wá bá òun. Èmi ò mọ̀ pé nǹkan kan ń gòkè wá. Wọ́n pa á, fáànù dúró, ooru dà bò wá. Báyìí la ṣe jókòó, tí òógùn ń ṣàn lẹ́yìn wa, ká lè gbóòórùn ọtí tí kò fẹ́ ooru.

Obìnrin náà kó àwọn ife kékeré jáde, ife tánganran funfun tí wọ́n fi àwọ̀ búlúù ya òbìrìkìtì méjì sí nísàlẹ̀ inú, ọ̀kan nínú èkejì. Mo rántí wọn láti Èkó. Bí èèyàn bá bu sakè sí i, ara búlúù yẹn ló ti máa rí i bóyá ọtí náà mọ́ gaara tàbí ó dàrú; ara funfun ló ti máa rí i bóyá ó ti ń pọ́n. Mo máa ń wò ó, Alájì á gbà á, á fínmú sí i, á gbé e kúrò, á tún padà sí i, á sọ ohun tó bá níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni èmi á fi díẹ̀ sẹ́nu, màá jẹ́ kó yí ahọ́n ká, màá tu ú sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, màá sọ tèmi. Obìnrin náà ń fi fóònù gba ohùn wa sílẹ̀.

Nígbà tí Alájì fínmú sí ti àkọ́kọ́, ojú ẹ̀ yí padà. Mo ti gbàgbé ojú yẹn. Ojú tó máa ń ṣe ní láàbù ni, bí ẹni tó ń tẹ́tí sí ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ ní yàrá kejì.

"Ọ̀gẹ̀dẹ̀," ó ní. "Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tó pọ́n tán, tí èèpo ẹ̀ ti ní tóótòòtó. Òdòdó kan wà lẹ́yìn ẹ̀, mi ò mọ orúkọ ẹ̀. Ó mọ́."

Èmi náà tọ́ ọ wò. Ó dùn díẹ̀, ó fẹ́lẹ́, kíkan ẹ̀ kéré, ó dé ọ̀nà ọ̀fun, ó pòórá. Ìyẹn nìkan. Mi ò rí ọ̀gẹ̀dẹ̀, mi ò rí òdòdó. Mo gba Alájì gbọ́ bí a ṣe máa ń gba ẹni tó ń sọ bọ́ọ̀lù lórí rédíò gbọ́: ó ní wọ́n ti gbá a wọlé, a sì fò sókè, a ò rí i.

Ìkejì ní òórùn ìrẹsì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó, ó ní, àti omíkan orí ògì ọjọ́ mẹ́ta. Èyí tó tẹ̀ lé e ń ṣe bí olú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà tu nínú oko. Ahọ́n mi sọ pé èyí olómíkan yẹn wúwo, ó le, ó ń fa ẹ̀rẹ̀kẹ́, pé bí wọ́n bá jẹ ẹja ọlọ́ràá pẹ̀lú ẹ̀, á gba ọ̀rá yẹn kúrò lẹ́nu. Obìnrin náà ní òótọ́ ni, pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń mu ún. Ó gbé e sínú omi gbígbóná díẹ̀, ó tún bu ú fún wa. Alájì ní òórùn ẹ̀ ti ṣí sílẹ̀ bí ẹni pé wọ́n ṣí ìkòkò. Lẹ́nu tèmi, líle ẹ̀ ti rọ̀, ó ti di ohun tó fẹ́ jọ omi ẹran.

Iṣẹ́ ń lọ. Mi ò ní purọ́, inú mi ò dùn. Mo rò pé á dùn. Mo rò pé bí mo bá tún bá Alájì jókòó sídìí ife, nǹkan kan á sọ nínú mi. Ṣùgbọ́n ìgbà tí èèyàn bá yọ òórùn kúrò lára ọtí ló ń mọ bí ohun tó kù ṣe kéré tó: ṣúgà, kíkan, ìkorò, iná díẹ̀ lọ́nà ọ̀fun. Ìyókù, imú ló ń sọ ọ́. Gbogbo ọdún tí mo rò pé mo ní ahọ́n tó mọṣẹ́, imú ló ń ṣiṣẹ́, ahọ́n ló ń gba oríyìn. Ẹ̀yìn ń dùn mí. Òógùn wọ̀ mí lójú. Alájì fi etí jalabíà nu iwájú orí, ó ní kí wọ́n gbé omíràn wá.

Ìgò tí obìnrin náà gbé wá báyìí, òun ló fi ọwọ́ ara ẹ̀ ṣí i. Àwọn yòókù, ó ń bi wá bí ẹni tó ń ta ọjà. Èyí, kò sọ nǹkan kan. Ó bu ú, ó sì ká ọwọ́ méjèèjì sórí itan.

Mo wo inú ife. Àwọ̀ ẹ̀ ti ń lọ sí ti tíì tó fúyẹ́, bẹ́ẹ̀ ìgò náà ò jọ ti èyí tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ tọ́jú fún ọ̀pọ̀ ọdún. Mo gbé e fún Alájì.

Ó fínmú sí i lẹ́ẹ̀kan, ó gbé e kalẹ̀. "Èyí ti lọ."

"Ó lọ síbo, Alájì?" obìnrin náà béèrè.

"Ó ti bàjẹ́. Ó ń ṣe bíi ṣúgà tó jó mọ́ ìdí ìkòkò, ó tún ń ṣe bí inú àpò tí wọ́n kó ẹ̀fọ́ gbígbẹ sí tí wọ́n gbàgbé sí. Inú kọ̀ǹtẹ́nà tó gbóná ló ti ṣẹlẹ̀, àbí nínú ṣọ́ọ̀bù. Kò burú fún ìlera. Ó kàn ti lọ ni."

Mo fi sẹ́nu. Ìkorò ló kọ́kọ́ kí mi, ó sì dúró síbẹ̀. Adùn ẹ̀ wà lọ́tọ̀, kíkan ẹ̀ wà lọ́tọ̀, bíi tọkọtaya tó ti dẹ́kun sísọ̀rọ̀. Mo tu ú dànù. Mo ní, "Ohun tí Alájì sọ náà ni mo rí."

Obìnrin náà dìde. Mi ò rò pé ó mọ̀ pé òun dìde. "Mà, ẹ̀yin ò lè gbóòórùn. Bàbá ò lè fi kan ẹnu. Nínú yín, ta ló wá tọ́ ọ wò tó fi ní ó ti bàjẹ́?"

A ń gbọ́ òòlù àwọn káfíńtà nísàlẹ̀. Mo mọ̀ pé kò mọ̀ọ́mọ̀ fẹ́ bú wa. Mo sì mọ̀ pé òótọ́ ni. Nígbà tí mo ṣì ní okun, ǹ bá ti dá a lóhùn. Ǹ bá ti ka iye ọdún tí mo ti lò nídìí iṣẹ́ fún un. Mi ò rí okun yẹn nínú ara mi.

Mo wo Alájì. Ẹ̀rù bà mí pé ìbínú á mú un gbé ife yẹn sẹ́nu, láti fi hàn án. Ó ti fi ìka kan ti ife náà. Ó wò ó fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó mú ìka ẹ̀ kúrò.

"Àkókò Aláàsárì ti tó," ó ní. "Ọmọ mi, ibo ni mo ti lè rí omi fi ṣe àlùwàlá?"

Ojú ti obìnrin náà. Ó sáré mú un lọ sí yàrá tó wà lẹ́yìn, ó gbé omi fún un, ó tẹ́ aṣọ mímọ́ sílẹ̀ fún un. Nígbà tó padà, ó jókòó sí àga Alájì dípò tiẹ̀.

"Ẹ má bínú, mà."

"Mi ò bínú. Ó rẹ̀ mí ni."

Ó mú ìgò náà, ó ń fi àtàǹpàkò pa bébà ara ẹ̀. "Ìlú tí mo gbé ni wọ́n ti ń pọn èyí. Ilé-iṣẹ́ tó ń di oúnjẹ sínú páálí ni mo ti ń ṣiṣẹ́, tàárọ̀ tọ̀sán. Ìyá arúgbó kan ló fún mi ní yàrá lábẹ́ òrùlé ẹ̀. Bí òtútù bá mú, tó bá rí i pé mo ti dé, á pè mí sídìí iná, á bu díẹ̀ fún mi. Mi ò gbọ́ èdè wọn dáadáa nígbà yẹn. A kàn máa ń jókòó ni. Kò sí ẹlòmíì tó pè mí lọ́mọ níbẹ̀." Ó gbé ìgò náà kalẹ̀. "Ìbàdàn ni mo wà nígbà tí wọ́n sọ fún mi pé ó ti kú."

Mo ní, "Kì í ṣe ọtí ìyá yẹn la sọ pé kò dáa. Èyí tí a bu yìí nìkan la ń sọ. Ooru ló pa á kó tó dọ́dọ̀ rẹ."

Ó bu díẹ̀ sínú ife ara ẹ̀, ó gbé e símú, ó dijú, ó mu ún. Ó gbé e mì. Ó pẹ́ kó tó lajú.

"Kì í ṣe òun," ó ní. "Mo ti mọ̀ láti ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ ṣí i. Mo rò pé èmi ni mo yí padà."

Mo fi ọwọ́ lé e léjìká, a jókòó bẹ́ẹ̀ títí Alájì fi kírun tán.

Alájì padà wọlé, ó ń fa apá aṣọ ẹ̀ wálẹ̀. Kò jókòó lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó ní, "Mélòó ló kù?"

Obìnrin náà ní, "Méjì, sà. Ṣùgbọ́n ẹ lè fi í sílẹ̀."

"Màá parí ẹ̀, nítorí mo ti sọ pé màá ṣe é. Àmọ́ lẹ́yìn òní, àbúrò, má pè mí sí irú ẹ̀ mọ́." Èmi ló ń bá sọ̀rọ̀. "Nígbà tí mo gbé àkọ́kọ́ yẹn símú, inú mi dùn jù. Ẹ̀rù bà mí."

Mo ní, "Mo gbọ́, Alájì. Ẹ ṣé."

A parí méjèèjì. Mi ò rántí bí wọ́n ṣe rí. Ahọ́n mi ti kú tì, omi ni gbogbo wọn jọ lẹ́nu mi, ohun tí Alájì bá ṣáà ti sọ ni mo ń gbè lẹ́yìn. Obìnrin náà lọ sí kíṣìnnì, ó se ẹja Títù fún wa pẹ̀lú ata ilẹ̀ àti ìrẹsì funfun. Kí Alájì tó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́, ó rọra bi í bóyá ọtí wà nínú ẹ̀. Obìnrin náà ní ó máa ń wà nínú ẹ̀ lọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n òun ò fi sí i. Alájì ní "Bísímílà." Ó jẹ ẹ́ tán, ó sì ní kí wọ́n bu ìrẹsì kún un.

Takisí Máíkírà ni a jọ wọ̀ kúrò ní Bódìjà. Wọ́n fún wa mọ́ àárín àwọn èrò, kò sí ẹni tó lè sọ̀rọ̀. Nígbà tí mo fẹ́ bọ́ọ́lẹ̀ láti wọ mọ́tò Baṣọ̀run, Alájì di apá mi mú.

"Ìgbà wo ni imú yẹn máa padà?"

"Dókítà ò mọ̀."

Ó mi orí. "Ó dà bí ẹni pé Ọlọ́run fi mí ṣeré," ó ní. "Ó gba tìẹ tí o ṣì ń lò, ó fi tèmi tí mi ò lò mọ́ sílẹ̀." Awakọ̀ ń pariwo pé kí n sọ̀ kalẹ̀ kíákíá. Mo sọ̀ kalẹ̀.

Obìnrin náà ṣí ilé oúnjẹ ẹ̀. Ó mú díẹ̀ nínú èyí tí a yàn, ó fi èyí ọlọ́gẹ̀dẹ̀ ṣáájú, ó sì da ìgò tó ti bàjẹ́ nù. Nígbà tí èmi àti ọkọ mi lọ síbẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ kún ibẹ̀, wọ́n ń ya fọ́tò ife wọn. Ẹnì kan ní tábìlì kejì sí wa da Sípíráìtì sórí èyí olómíkan yẹn, ó fi yìnyín sí i, ó mu ún, ó ní ó mà dáa o. Obìnrin náà wò mí láti ibi tó dúró sí, ó gbé ejìká sókè. Mo gbé tèmi náà sókè. Ìrẹsì díndín àti adìẹ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń rà níbẹ̀. Ó sọ fún mi pé ohun tó ń fún òun níṣẹ́ jù ni pé kí fìríìjì má kú, pé òun máa ń jí dìde láàárọ̀ kí òun kọ́kọ́ lọ fọwọ́ kan àwọn ìgò bí ẹni tó ń wò bóyá ara ọmọ gbóná.

Imú mi padà díẹ̀, ṣùgbọ́n kò padà bó ṣe lọ. Kọfí ń ṣe bíi táyà tó ń jó. Ọsàn ń ṣe bí ọsàn lọ́jọ́ kan, lọ́jọ́ kejì á dà bí ọṣẹ. Mo ti kó àwọn ìgò kéékèèké yẹn kúrò lórí tábìlì. Alájì máa ń pè mí lẹ́yìn Jímọ̀. "Imú ńkọ́?" á ní. Màá ní, "Ó wà lójú níbẹ̀, Alájì." Á rẹ́rìn-ín, á bá mi sọ̀rọ̀ adìẹ ẹ̀. A kì í dárúkọ ọjọ́ yẹn.

Láìpẹ́ yìí, obìnrin náà tún pè mí. Ó ní àwọn mìíràn ti dé láti Èkó, inú ọkọ̀ tó tutù ni wọ́n kó wọn sí wá lọ́tẹ̀ yìí, èyí tí wọ́n ń pọn ní ìlú ìyá yẹn sì wà lára wọn. Ó ní òun fẹ́ kí n wá.

Mo ní, "Ó ti rẹ̀ mí, ọmọ mi. Ìwọ tọ́ ọ wò fúnra rẹ."

"Bó bá tún ti bàjẹ́ ńkọ́, mà?"

"Wàá mọ̀."

Mo ń gbọ́ ariwo àwo lẹ́yìn ẹ̀. Ó wá ní kí n sinmi dáadáa, kí n bá òun kí bàbá. Mo ní wọ́n á gbọ́. Mo gbé fóònù sílẹ̀. Ọkọ mi béèrè láti yàrá pé ta ni. Mo sọ fún un, mo sì bi í bóyá ó ti jẹun.